Nígbà Tí Ọ̀gbẹ́ni Muraoka Forí Kanlẹ̀

Okayama, Japan
29 Oṣù Kẹsàn-án, 1985

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Àsàláámù àláékùmù. Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìrọ́jú ìlú tó le. Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé Bàbá Mákánjúọlá ará yàrá kejì wa ṣì ń ka ìwé ìròyìn sókè láràárọ̀ kí gbogbo ilé lè gbọ́? Ẹ bá mi kí wọn. Ara mi le, àmọ́ ọkàn mi kò jókòó síbì kan, ìdí nìyẹn tí mo fi tètè kọ̀wé.

Màámi, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe ti gbà mí wọlé. Ọdún mẹ́ta ni. Oṣù kẹrin ọdún tó ń bọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọdún kan tí mo fi ń kọ́ èdè bá parí, àwọn ni wọ́n sì máa san gbogbo owó rẹ̀. Ẹ rántí ẹ̀rọ tí bàbá mi ń lò nílé ìtẹ̀wé ní Bajulaiye, ní Ṣómólú, tó dákẹ́ lẹ́yìn ikú wọn, tí wọ́n da aṣọ bò nítorí pé kò sí ẹni tó lè tú u wò. Ẹni tó máa tú u wò ni mo fẹ́ dà.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Mi ò tíì pé ọmọ ogún ọdún, òfin ibí kò sì jẹ́ kí n dá fọwọ́ sí i fúnra mi. Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ sí ìwé tí mo fi sínú lẹ́tà yìí, lójú òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣojú Japan ní Èkó, òun náà á sì bi yín bóyá ẹ gbà kí n dúró. Bí ìwé náà kò bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ kí oṣù kejì tó parí, wọ́n á fi àyè mi fún ẹlòmíì, èmi á sì wọ ọkọ̀ òfuurufú bọ̀ wálé lóṣù kẹta.

Ẹ ò ní láti dààmú dé ọ́fíìsì wọn ní Victoria Island. Wọ́n kọ̀wé sí mi pé àwọn ń gbé ọjọ́ àṣà Japan káàkiri àdúgbò, pé ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù kọkànlá, àwọn máa wà ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Onípáànù. Ọ̀gbẹ́ni Muraoka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àṣà máa wà níbẹ̀, òun lẹ máa fún ní ìwé náà. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti Bàrígà.

Àwa náà ń ṣe irú rẹ̀ níbí. Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, àwa àlejò àti àwọn ará àdúgbò máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn kan. Ará Ṣáínà á kọrin, ará Filipínì á se oúnjẹ, àwọn onílé á fi bí wọ́n ṣe ń po tíì wọn hàn wá. Mo fi fọ́tò kan sí i, èmi àti Màmá Hirata tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ jọ̀ọ́ Màámi, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Ọmọ yín,
Habeebat

*

Bàrígà, Èkó
24 Oṣù Kẹwàá, 1985

Habeebat Àbẹ̀kẹ́,

Wàálékùmù sàláámù. Mo dúpẹ́ pé ara rẹ le. Ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí, kò sì ní yéé dùn mí níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé orí àpótí ni mo ń jókòó sí ká ìwé nílé ìtẹ̀wé látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Bí ìwé bá tilẹ̀ wà láti ká. Ọ̀gá wa ní àwọn sójà kò tíì fún òun ní àṣẹ láti kó bébà wọlé láti òkè òkun, nítorí náà ọjọ́ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀, àwa obìnrin tó ń ká ìwé tó ń rán ìwé, ojú la fi ń wo ara wa. Àwọn sójà tuntun tó gbàjọba lọ́wọ́ àwọn sójà àná ti ní àwọn máa yọ nínú owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ láti fi tún ọrọ̀ ajé ṣe. Bàbá Mákánjúọlá kà á sókè láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì jẹun títí di ọ̀sán.

Mo wo fọ́tò tí o fi ránṣẹ́. Ìwọ jókòó bí ọba, àgbàlagbà obìnrin tó lè bí èmi gan-an sì wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé tíì fún ọ! Habeebat! Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn? Àwa tí wọ́n bí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí a ò jẹ́ gba omi lọ́wọ́ àgbà ní ìdúró? Mo ti fi fọ́tò náà sábẹ́ àpótí aṣọ mi. Mo sọ fún àwọn ará ilé pé kò sí fọ́tò nínú lẹ́tà. Bá mi bẹ ìyá náà, sọ fún wọn pé ilé rere lo ti jáde.

Ní ti ọdún mẹ́ta, mo gbọ́. Ọdún kan lo sọ fún mi ní pápákọ̀ òfuurufú. Mo sì ń fi ìka ka oṣù, mo ti ka méje. Báwo ni ọdún kan ṣe di mẹ́rin? Ta ló sì ti rí obìnrin tó ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ kí ọ̀rá máa kán sí i lójú? Bàbá rẹ tó jẹ́ ọkùnrin, ẹ̀rọ yẹn gé e níka méjì.

Ìwé ìpolówó ọjọ́ àṣà tí ò ń wí, ọwọ́ mi ló ká a. Ẹgbẹ̀rún méjì ló wọlé sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú gbogbo wa dùn torí pé a rí iṣẹ́ ọjọ́ méjì ṣe. Nítorí náà mo mọ ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ní láti rán mi létí. Màá wò ó bóyá màá lọ.

Ìyá rẹ,
Sàwúdátù

*

Okayama
11 Oṣù Kọkànlá, 1985

Ìyá mi,

Ẹ kú àmúmọ́ra ọmọ. Mo kúnlẹ̀, mo yíká, ẹ má bínú sí mi. Kò yẹ kí n fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ láìṣàlàyé. Ilẹ̀ ni àwọn èèyàn yìí ń gbé, Màámi. Orí ẹní ni wọ́n ti ń jẹun, orí ẹní náà ni wọ́n ti ń gba àlejò. Bí Màmá Hirata ṣe wà lórí ìkúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ lèmi náà wà, aṣọ ló bo orúnkún mi nínú fọ́tò. Nígbà tí wọ́n parí, ẹsẹ̀ mi ti kú, èèyàn méjì ló fà mí dìde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó máa dùn mọ́ yín. Ní ìpàdé oṣù yìí, wọ́n ní kí n fi bí àwa náà ṣe ń kí àgbà hàn. Mo kúnlẹ̀, mo ní “Ẹ káàsán, mà.” Ìyá mẹ́tàlá ló kúnlẹ̀ tẹ̀ lé mi, wọ́n ń sọ “Ẹ káàsán, mà” fún ara wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Olórí àdúgbò dìde, ó ní òun ti rò pé àwọn nìkan ló ń fi orúnkún kíni láyé yìí, pé bí ìjọba méjì kò bá tilẹ̀ gbọ́ ara wọn yé, orúnkún ti gbọ́ra yé. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún mi.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Muraoka, ẹ kúnlẹ̀ fún wọn dáadáa, bí ẹ ṣe máa ń kúnlẹ̀ fún Alífáà, kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà fún wọn. Inú wọn á dùn, wọ́n á mọ̀ pé ilé rere ni mo ti wá.

Ọdún kan ni mo sọ ní pápákọ̀, òótọ́ ni. Nígbà yẹn, mi ò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́.

Habeebat

*

Bàrígà
4 Oṣù Kejìlá, 1985

Habeebat Àbẹ̀kẹ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù kò mú ọ? Mo gbọ́ pé yìnyín ń já bọ́ níbẹ̀ lóṣù yìí.

Mo lọ sí ọjọ́ àṣà náà. Sátidé ìmọ́tótó ni, nítorí náà kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jáde kí aago mẹ́wàá tó lù. Sójà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa títí a fi gbá kòtò ẹ̀gbin tán. Lẹ́yìn náà mo wẹ̀, mo wọ aṣọ àrán mi, èmi àti Bàbá Mákánjúọlá sì rìn lọ. Gbọ̀ngàn náà kún. Àwọn ọkùnrin méjì kan gbé ara wọn ṣánlẹ̀ títí, wọ́n sì ń tẹrí ba fún ara wọn lẹ́yìn rẹ̀, mi ò mọ ìdí tí èèyàn á fi gbéni ṣánlẹ̀ kó tó kíni. Obìnrin kan fi wákàtí kan to òdòdó mẹ́ta sínú àwo. Mẹ́ta péré! Wọ́n tún fi fíìmù òkè ńlá kan hàn wá.

Nígbà tí wọ́n ní ká béèrè ìbéèrè nípa àjọṣe orílẹ̀-èdè méjèèjì, Bàbá Mákánjúọlá ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní níwọ̀n bí a ti jẹ́ ọ̀rẹ́, ṣé Japan kò lè ta bébà fún Ṣómólú láwìn? Gbogbo èèyàn hó yèè. Wọ́n dá a lóhùn títí, àmọ́ kò sí bébà nínú ìdáhùn náà.

Mo pàdánù bàtà mi kan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn.

Gbogbo ilé ń kí ọ.

Ìyá rẹ,
Sàwúdátù

*

Okayama
22 Oṣù Kejìlá, 1985

Màámi,

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo yí i sẹ́yìn wò. Mo gbọn àpòòwé náà bóyá nǹkan kan á já bọ́. Ẹ sọ nípa òdòdó, ẹ sọ nípa sójà, ẹ sọ nípa bàtà. Ẹ ò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa ìwé mi.

Ṣé ẹ fún wọn? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kàn kọ ọ́ sórí káàdì, mi ò nílò ìkíni. Ojoojúmọ́ ni mo ń wo ojú ẹni tó ń pín lẹ́tà. Ó ti mọ̀ mí débi pé ó ti ń mi orí kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Habeebat

*

Okayama
9 Oṣù Kìíní, 1986

Ìyá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Mi ò tíì rí èsì lẹ́tà tí mo kọ lóṣù tó kọjá, mi ò sì lè dúró mọ́.

Níbi ìpàdé ọdún tuntun, wọ́n ní kí àlejò kọ̀ọ̀kan dìde sọ ohun tó fẹ́ ṣe lọ́dún yìí. Ará Filipínì sọ tirẹ̀, ará Ṣáínà sọ tirẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Ojú tì mí, Màámi. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà wà níbẹ̀, ó sì fi tẹlifóònù pe Èkó fún mi lọ́jọ́ kejì. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ fún un? Wọ́n ní kò sí ìwé kankan. Wọ́n ní ìyá kan wá sí Onípáànù lóòótọ́, pé ó kí Ọ̀gbẹ́ni Muraoka bí ẹnikẹ́ni kò ṣe kí wọn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé Nàìjíríà, lẹ́yìn náà ó sá lọ.

Màámi, ẹ sá?

Habeebat

*

Bàrígà
20 Oṣù Kìíní, 1986

Habeebat,

Ọjọ́ kan náà ni lẹ́tà rẹ méjèèjì dé. Má pariwo mọ́ mi, mo ṣì jẹ́ ìyá rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo sá.

Ìwọ lo kúkú ní kí n kúnlẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo eré, Bàbá Mákánjúọlá tì mí síwájú. Ọ̀gbẹ́ni Muraoka wà lórí ẹní lókè pèpéle níbi tí wọ́n ti po tíì fún àwọn èèyàn pàtàkì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mo rò pé màá bá. Irun orí rẹ̀ ti funfun tán! Mo bọ́ bàtà, mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀, mo gbé ìwé rẹ sọ́wọ́ méjèèjì, mo ní, “Ẹ kú ìnáwó, sà.” Ọkùnrin yìí yí padà sí mi lórí ìkúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lélẹ̀, ó sì tẹ orí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi kan ẹní.

Ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bàbá mi ń forí kanlẹ̀ fún mi lójú gbogbo Ṣómólú! Ṣé ó fẹ́ gé ẹ̀mí mi kúrú ni? Mo yára sọ orí tèmi kalẹ̀ kí n lè wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó gbójú sókè díẹ̀, ó rí i pé mo ti lọ sísàlẹ̀, òun náà tún lọ sísàlẹ̀ sí i. Mo tún lọ. Mi ò lè dìde kí àgbà tó dìde, òun náà kò sì dìde. Bàbá Mákánjúọlá ń sọ lẹ́yìn mi pé, “Ìyá Habeebat, ẹ dìde jàre!” Mo dá a lóhùn láti ilẹ̀ níbẹ̀ pé, “Ẹ ní kí bàbá yìí kọ́kọ́ dìde!” Ni àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ara ètò ni.

Mo fi orúnkún rìn sẹ́yìn títí mo fi kan àtẹ̀gùn, mo ki ìwé rẹ bọ àyà, mo gbá ìró mi mú, mo gbé bàtà kan tí ọwọ́ mi bà, mo sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Èmi tí mo jẹ́ Mùsùlùmí, tó jẹ́ Ọlọ́run nìkan ni mo ń forí kanlẹ̀ fún! Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Alífáà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́, wọ́n ní kí n tọrọ àforíjì kí n sì ṣe sàárà. Mo fi àkàrà ṣe sàárà fún gbogbo ọmọ àdúgbò.

Ìdí tí mi ò fi kọ ọ́ sí ọ nìyẹn. Ojú ń tì mí ni. Báwo ni mo ṣe tún fẹ́ yọjú sí ọkùnrin náà?

Ìwé rẹ wà lọ́wọ́ mi. Òógùn ti rin etí rẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ó ṣeé kà.

Ìyá rẹ,
Sàwúdátù

*

Okayama
1 Oṣù Kejì, 1986

Ìyá mi,

Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ fún Màmá Hirata, àwọn náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní níbí, bí ẹni méjì bá jọ tẹrí ba, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbórí sókè ló ṣe àfojúdi, pé ó dájú pé Ọ̀gbẹ́ni Muraoka náà wà nílẹ̀ níbẹ̀ tó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹ ṣàánú òun. Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ní kí ẹ kúnlẹ̀, mi ò sọ fún yín pé wọ́n á dá a padà.

Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rín tán, mo tún lẹ́tà yín kà. Láti ọjọ́ yẹn títí di ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́, ó lé ní àádọ́ta ọjọ́. Ìtìjú kì í pẹ́ lára yín tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ọ̀gá yín jà lójú gbogbo Bajulaiye, tí ẹ sì padà síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Ẹ lè rán Bàbá Mákánjúọlá. Ẹ lè lọ sí Victoria Island. Ẹ lè kọ̀wé sí mi.

Màámi, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé nítorí Ọ̀gbẹ́ni Muraoka lẹ ṣe sá, àbí nítorí tèmi?

Bí ẹ bá ní kí n máa bọ̀, màá bọ̀. Mi ò ní bínú. Irọ́ ni, màá bínú, àmọ́ màá bọ̀. Ẹ ṣáà fi ẹnu ara yín sọ ọ́. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ bàbá olóbàbá bò ó mọ́lẹ̀ fún mi. Ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló kù.

Habeebat

*

Bàrígà
20 Oṣù Kejì, 1986

Habeebat ọmọ mi,

Àsàláámù àláékùmù. Orí àpótí iṣẹ́ ni lẹ́tà rẹ bá mi. Mo kà á tán, mo pa á dé, inú sì bí mi. Ọmọ tí mo bí ló ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí! Mo bínú fún ọjọ́ méjì, ẹni tó bá kí mi nínú ilé, mi ò dá a lóhùn dáadáa. Lọ́jọ́ kẹta ni mo rí i pé ohun tó ń bí mi nínú ni pé o mọ̀ mí.

Èsì rẹ nìyí. Lọ́jọ́ yẹn, bí a ṣe ń rìn lọ sí Onípáànù, mo ń gbàdúrà lọ́kàn pé kí Ọ̀gbẹ́ni Muraoka má wá. Mo bá a níbẹ̀. Mo lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, mo ní bóyá á ti lọ kó tó kàn mí. Kò lọ. Nígbà tó forí kanlẹ̀, ẹ̀rù bà mí lóòótọ́, kì í ṣe irọ́. Àmọ́ nígbà tí mo dé títì, tí mo fọwọ́ kan àyà mi tí ìwé náà ṣì wà níbẹ̀, inú mi dùn. Ayọ̀ ni mo fi rìn délé pẹ̀lú bàtà kan. Mo sọ ìtàn náà fún gbogbo ilé, wọ́n rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó béèrè ìwé. Mo sọ ọ́ títí èmi gan-an fi gbà pé ìdí tí mo fi sá nìyẹn.

Nítorí tìrẹ ni. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, ìwọ nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá yìí. Mo ṣì ń pọn omi ìwẹ̀ korobá méjì láàárọ̀ kí n tó rántí pé èèyàn kan ṣoṣo ló fẹ́ wẹ̀. Ọdún kan, mo lè fara dà á. Nígbà tí ìwé ọdún mẹ́ta dé, mo kórìíra rẹ̀ bíi pé èèyàn ni. Bí ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi bá sì ṣe ohun tó lè lé mi sá, mo ti múra tán láti sá.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo lọ sí Victoria Island. Ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà ní kò sí orúkọ mi nínú ìwé òun, ó lé mi padà. Ǹ bá fi mọ síbẹ̀, kí n sì sọ fún ọ pé mo lọ. Mo tún lọ ní ọjọ́ Túsìdè pẹ̀lú Bàbá Mákánjúọlá, ó sọ Òyìnbó fún ọlọ́pàá náà títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ló bá jẹ́ ká wọlé.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sabina ló ń túmọ̀ fún wa. Bí Ọ̀gbẹ́ni Muraoka ṣe ń ti ilẹ̀kùn wọlé, mo nàka sí i, mo ní, “Sabina, jọ̀ọ́, sọ fún wọn kí wọ́n má tẹrí ba lónìí o. Bí wọ́n bá tẹrí ba, mo ń lọ sílé nìyẹn.” Ó sọ fún un. Bàbá náà dúró, ó wò mí, ó ní ohun tí òun náà fẹ́ bẹ̀ mí nìyẹn, pé láti ọjọ́ Onípáànù ni ẹ̀yìn ti ń dun òun. Mo sọ fún un pé tèmi náà ń dùn mí, àmọ́ pé iṣẹ́ ló fà á.

A jókòó lórí àga, tábìlì wà láàárín wa. Ó ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, kò sọ nǹkan kan nípa òógùn. Lẹ́yìn náà ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní kí n má bínú, òfin ló ní kí òun béèrè. Ó ní, “Ṣé ẹ gbà, láìsí ẹni tó fipá mú yín, kí ọmọ yín dúró ní Japan fún ọdún mẹ́ta?”

Sabina rò pé mi ò gbọ́, ó tún un sọ. Mo ní mo gbọ́. Wọ́n ń dúró dè mí, Bàbá Mákánjúọlá ń wo bàtà rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé mo lè sọ pé mi ò gbà. Ọkùnrin náà á kàn dá ìwé náà padà fún mi, á dúpẹ́ pé mo wá, ìwọ á sì wà nílé lóṣù kẹta. Kò sẹ́ni tó máa bá mi wí. Mo ní, “Mo gbà.” Mo fọwọ́ sí i.

Wọ́n ní àwọn á fi ẹ̀rọ tẹ́lẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, pé ìwé gan-an á tẹ̀ lé e, pé àyè náà kò ní bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Nítorí náà o ti gbọ́ kí lẹ́tà yìí tó dé. Ọ̀gbẹ́ni Muraoka wá ní àyè ìlà kan ṣì wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ́ẹ̀sì náà, bí mo bá ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ fún ọ. Sabina mú bírò dání, ó ń wo ẹnu mi.

“Padà wálé” ló wà lẹ́nu mi, Habeebat. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́. Mo gbé e mì. Mo ní, “Ẹ ní kó máa jẹun.”

Ìyá rẹ,
Sàwúdátù